Níbo ni wọ́n kó àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí sí? Ìmọ̀ràn lórí ohun tí áàpù òde-òní ń fi pamọ́

Akọ̀wé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo kí gbogbo ilé pátá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ fi orí kò. Àwa tí a wà nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orí fóònù ni a sì ti ń ṣe gbogbo ìpalẹ̀mọ́ Ojúde Ọba báyìí, láti orí owó aṣọ títí dé orí owó ẹṣin. Ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu ni pé, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ńṣe ni ohun tí ojú lè rí lórí fóònù ń dín kù. Àwọn ọmọ ra fóònù tuntun fún ọ̀kan nínú wa, ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe jáde kúrò nínú ohun tí òun bá ṣí. Ẹlòmíràn fẹ́ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lórí WhatsApp, ó wá ibi tí yóò tẹ̀ títí, kò rí i. Èmi fúnra mi ń wá àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nínú áàpù ilé-ìfowópamọ́ tí ẹgbẹ́ ń lò. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí mo máa ń rí i kí wọ́n tó tún áàpù náà ṣe, ṣùgbọ́n ojú ewé àkọ́kọ́ kò fi í hàn mọ́.

Àwọn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe òpè. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wa, olùṣírò owó sì wà nínú wa. N kò gbà pé ọjọ́ orí ni ó fa èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi nǹkan pamọ́ báyìí, kí ó là wá lọ́yẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe lè rí wọn, kí ó kọ ọ́ kedere, kí n lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Atúnfóònùṣe, Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, Bàbá. Ẹjọ́ bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń gbé wá sí ìsọ̀ mi jù. Wọn kò yọ wọ́n kúrò, wọ́n kàn pa wọ́n mọ́ ni. Ní ọdún 2017 ni iPhone X jáde láìní bọ́tìnnì kankan lójú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe fóònù yòókù sì tẹ̀lé ọ̀nà náà. Nígbà tí Android 10 dé ní ọdún 2019, ó gbà kí fífa ìka lójú fóònù rọ́pò bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pátápátá. Lórí irú fóònù Android bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹ fa ìka láti etí ojú fóònù, lọ́tùn-ún tàbí lósì, wá sí àárín. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ fa ìka láti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè. Bí ẹ bá fà á lọ sókè, tí ẹ sì dá ìka dúró ní agbede-méjì, gbogbo áàpù tí ẹ ti ṣí yóò tò fún yín.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kọ́ èyí, kò pọn dandan fún un. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí ibi ìwákiri tó wà lókè, ẹ tẹ "navigation" síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android yóò mú yín dé ibi tí wọ́n kọ "Navigation mode" tàbí "Navigation bar" sí, kí ẹ wá yan "Buttons" tàbí "3-button navigation". Ẹ̀ẹ̀kan náà ni bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò padà. Ní ti iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Accessibility, ẹ wọ Touch, kí ẹ sì tan AssistiveTouch; bọ́tìnnì roboto kan yóò máa wà lójú fóònù nígbà gbogbo.

Ti WhatsApp: ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ pa rẹ́, ẹ má gbé ìka kúrò títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, àwòrán agolo ìdalẹ̀nù yóò sì yọ lókè. Ẹ lè pa ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ rẹ́ kúrò lójú gbogbo ènìyàn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì tí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí fóònù tiyín nìkan ni yóò ti kúrò.

Ìyá Olóbì, Ṣágámù:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ atúnfóònùṣe, Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣe ohun tí ó kọ, bọ́tìnnì mi sì ti padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn mi kò tíì tán. Áàpù kan wà tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá san díẹ̀ lára gbèsè rẹ̀, ibi tí n óò tẹ̀ láti tún iye náà kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n tún áàpù náà ṣe, ibi títẹ̀ náà sì pòórá. Ọmọ mi obìnrin ni ó wá rí i pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìka fa orúkọ oníbàárà lọ sí apá òsì kí ó tó yọjú. Kò sí àmì kankan lára orúkọ náà tó fi hàn pé ó ṣeé fà. Ta ni yóò ṣàdédé máa fa orúkọ ènìyàn sápá òsì?

Ewé ni a fi ń bo obì sínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ọjà, a kì í bò ó tán. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé obì ni a ń tà, kí ó sì mọ̀ bóyá gbànja ni tàbí àbàtà. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣe áàpù wọ̀nyí léèrè: kí ló dé tí wọn kò fi díẹ̀ sókè fún wa?

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ:

Ìbéèrè akọ̀wé nípa ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ó ní ìtàn. Ìlà mẹ́ta tí a ń rí ní igun ọ̀pọ̀ áàpù kì í ṣe ohun tuntun. Norm Cox ni ó yà á fún kọ̀ǹpútà Xerox Star tí ó jáde ní ọdún 1981. Ó fẹ́ kí ó jọ ọ̀rọ̀ tí a tò lé ara wọn lórí, kí ẹni tó bá rí i lè fọkàn sí i pé àkójọ àṣẹ ni yóò ṣí bí òun bá tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí fóònù aláfọwọ́tẹ̀ dé ni ó wá gbajúmọ̀, nítorí ojú fóònù kéré, iṣẹ́ tí áàpù kan ń ṣe sì pọ̀ ju ohun tí ojú náà lè gbà lọ. Títí dé ibẹ̀, n kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Àléébù dé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, níbi tí àyè kò ti há rárá. Microsoft ti dán irú rẹ̀ wò nínú Office 2000. Àwọn àṣẹ tí ènìyàn kì í sábà lò kì í hàn nínú mẹ́nù, àfi bí ó bá dúró díẹ̀ tàbí tí ó tẹ ọfà kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bí ènìyàn sì ṣe ń lo mẹ́nù náà ni ohun inú rẹ̀ ń pa ipò dà, tó fi jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ ti mọ́ lánàá lè ṣàjèjì sí i lónìí. Nígbà tí Office 2007 dé, wọ́n ti pa ètò náà tì. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà mú bọ́tìnnì Start kúrò nínú Windows 8 ní ọdún 2012, tí ẹni tó bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ní láti gbé máòsì lọ sí igun kan tí kò ní àmì kankan kí ó tó rí ọ̀nà. Igbe tí àwọn ènìyàn ké pọ̀ débi pé Windows 8.1 dá bọ́tìnnì náà padà ní ọdún 2013. Apple náà ti fi ọ̀pá tí a fi ń yí ojú ewé pamọ́ nínú Mac OS X Lion ní ọdún 2011. Ẹ wo bí ohun kékeré yẹn ti ṣe pàtàkì tó: ọ̀pá yẹn ni ó ń sọ fún ènìyàn pé ojú ewé kò tíì parí, òun náà ni ó sì ń fi hàn bí ohun tó kù ti pọ̀ tó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lè rò pé òun ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe lè rọrùn láti lò, ti fi í sínú ìlànà mẹ́wàá tó gbé jáde ní ọdún 1994 pé kí a jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tó fẹ́ lò, kí ó sì dá a mọ̀. Kí a má fi í sílẹ̀ láti máa rántí ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí akọ̀wé mú lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá gba pé kí ènìyàn há ọ̀nà rẹ̀ sórí kí ó tó lè ṣe é, ojú áàpù náà ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ̀yí wúlò: bí gbogbo àṣẹ orí Word tàbí Excel bá dédé parẹ́ lókè, ẹ di Ctrl mú kí ẹ sì tẹ F1, yóò padà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó wà lókè àwọn àṣẹ náà, bíi Home tàbí Insert, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá tẹ Alt nìkan, lẹ́tà kékeré yóò yọ sára àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì mọ èyí tí ẹ lè tẹ̀. Alt yìí kan náà ni yóò mú mẹ́nù Firefox jáde lórí Windows. Bí ìkànnì bá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ kò rí ọ̀nà àbájáde, ẹ tẹ F11. Lórí Windows 11, bí ẹ bá tẹ fáìlì pẹ̀lú apá ọ̀tún máòsì tí ẹ kò sì rí àṣẹ tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí "Show more options" nísàlẹ̀.

Aṣètò ojú áàpù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Èkó:

Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Iṣẹ́ yíya ojú áàpù ni iṣẹ́ mi, n óò sì sọ bí ó ṣe rí gan-an. Ọ̀rọ̀ àyè tí olùkọ́ sọ jẹ́ òtítọ́. Ìdí kejì ni pé bí bọ́tìnnì bá pọ̀ jù lójú kan, ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ìdí kẹta, tí n kò fara mọ́ rárá, ni pé ojú áàpù tí kò ní nǹkan púpọ̀ lórí máa ń rẹwà nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, àwọn tó ni áàpù a sì máa fẹ́ ẹwà yẹn ju ìrọ̀rùn ẹni tí yóò máa lò ó lójoojúmọ́ lọ. Ẹni tó ya ojú áàpù mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, nítorí náà kì í ṣòro fún un láti gbàgbé pé ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n.

Ilé-iṣẹ́ Nielsen Norman Group ṣe ìwádìí lórí èyí ní ọdún 2016, wọ́n fi àwọn ìkànnì tí ọ̀nà wọn hàn wé àwọn tí ọ̀nà wọn fara pamọ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí ohun tí wọ́n ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì níbi tí ọ̀nà ti fara pamọ́, ó sì ń pẹ́ wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé àgbàlagbà nìkan ni kò rí i.

Ṣùgbọ́n n kò gba ohun tí olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ, pé kí gbogbo nǹkan hàn nígbà gbogbo lórí kọ̀ǹpútà. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ síta, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ kò ní lè kà á. Àpẹẹrẹ agbọ̀n obì tí Ìyá wa mú wá ni ó tọ̀nà jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti sọ níbí, n óò sì mú un lọ sí ibi iṣẹ́ mi. Ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè wà lábẹ́ ewé, bí àmì tó hàn bá ti wà lókè. Fífa ìka kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo sí ohunkóhun, ọ̀nà àbùjá ni kí ó jẹ́ fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. WCAG 2.1, ìlànà bí ìkànnì ṣe lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn, àti abirùn pẹ̀lú, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì, gbé jáde ní ọdún 2018 béèrè pé kí ohun tí a ń fi fífa ìka ní ọ̀nà kan pàtó ṣe ṣeé ṣe pẹ̀lú títẹ̀ lásán, àfi bí fífà náà bá jẹ́ dandan fún iṣẹ́ náà, bí àpẹẹrẹ, fífọwọ́ sí ìwé. WCAG 2.2 ti ọdún 2023 fi kún un pé ibi títẹ̀ kò yẹ kí ó kéré ju píksẹ́lì (ẹyọ tí a fi ń wọn ojú fóònù) 24 ní ìbú àti ní òró, àyàfi ní àwọn ipò kan. Áàpù gbèsè tí Ìyá wa ń lò kò tẹ̀lé ìlànà àkọ́kọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara kún un. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń gbọ̀n, ìka ẹlòmíràn sì máa ń le. Ẹni tó fẹ́ kàn tẹ nǹkan lè pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, fóònù yóò sì rò pé ó fẹ́ ṣí ohun tó fara pamọ́. Lórí Android, ẹ wá "Touch and hold delay" nínú Settings, kí ẹ sì yan "Long", kí fóònù lè fún un láyè. Lórí iPhone, láti ìgbà tí iOS 7, ètò tó ń darí iPhone nígbà náà, ti bọ́ ìlà kúrò lára àwọn bọ́tìnnì ní ọdún 2013 ni ó ti ń ṣòro fún àwọn kan láti mọ ọ̀rọ̀ lásán yàtọ̀ sí bọ́tìnnì. Ẹ tan "Button Shapes" lábẹ́ Accessibility, níbi tí wọ́n kọ "Display & Text Size" sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ tó ń bá òbí wọn tún fóònù tò kì í kíyè sí. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ ojú fóònù di ńlá, bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sí ibi tí ojú kò rí. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí "Continue" tàbí "Send", ẹ kọ́kọ́ fa ojú ewé náà lọ sókè kí ẹ tó sọ pé kò sí.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Àgọ́-Ìwòyè:

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìnira. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ kí a fò ó dá. Láti ìgbà Windows 95 ni Windows ti máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, èyí tó ń sọ irú ohun tí fáìlì jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU jà káàkiri ayé nípa àlàfo yìí. Orúkọ fáìlì náà parí sí .TXT.vbs, ṣùgbọ́n nítorí pé Windows fi .vbs pamọ́, àwọn ènìyàn rò pé lẹ́tà lásán ni, wọ́n sì ṣí i. Títí di òní, ẹni ibi lè fi fáìlì tó parí sí .pdf.exe ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì dà bí ìwé ẹ̀kọ́ lójú rẹ̀. Lórí Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ sì yan "File name extensions".

Oríṣi ìfarapamọ́ kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti fi gba owó. Ọ̀nà tí a fi ń wọ ètò kan a máa tóbi, a máa dán. Ọ̀nà àbájáde rẹ̀ a wà lábẹ́ ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú lẹ́tà eérú tó tín-ín-rín. Ọdún 2010 ni Harry Brignull, aṣètò ojú ìkànnì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú rẹ̀ jọ kí àwọn ènìyàn lè dá wọn mọ̀. Kí ẹ tó fi káàdì ilé-ìfowópamọ́ yín sínú áàpù kan, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí a ti ń jáde nínú rẹ̀. Lórí Android, ẹ lè rí ohun tí ẹ ń san owó fún lórí Play Store bí ẹ bá tẹ àwòrán yín lókè, tí ẹ sì wọ "Payments & subscriptions". Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń da yín láàmú ńkọ́? Ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442.

Akọ̀wé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ti ń kó o jọ fún ìwé tí n óò tẹ̀. Ó ku àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́. Mo tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè áàpù ilé-ìfowópamọ́ náà, kò sí níbẹ̀. Ṣé ètò kan wà tí mo lè tẹ̀lé nígbà tí ohun tí mò ń wá kò bá hàn, kí n má baà máa tẹ gbogbo nǹkan lójú fóònù tí owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀?

Aṣètò ojú áàpù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Èkó:

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ibi ìwákiri wà nínú áàpù náà, kí ẹ tẹ "statement" síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ tẹ iye owó tàbí nọ́ńbà àkáǹtì fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù ilé-ìfowópamọ́ ń fi iṣẹ́ àkáǹtì sábẹ́ rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó bá wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àkáǹtì, kí ẹ tó wo àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ yín ní igun. Ẹ fa ojú ewé lọ sókè títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ewu púpọ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn, nítorí nínú ọ̀pọ̀ áàpù ilé-ìfowópamọ́, owó kì í jáde láìjẹ́ pé ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín tàbí kí ẹ fi ìka tàbí ojú yín jẹ́rìí sí i. Níbikíbi tí wọ́n bá ti béèrè èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyẹn nígbà tí ẹ kò fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ padà sẹ́yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kùnà, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹgbẹ́.

Akọ̀wé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Abẹ́ iye owó ni ó wà. Mo tẹ iye náà, ó ṣí, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà sì wà níbẹ̀ tí mo lè gbà sílẹ̀.

Ìyá Olóbì, Ṣágámù:

Ọmọ mi, aṣètò, báwo ni mo ṣe lè bá àwọn tó ni áàpù gbèsè yẹn sọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi gbọ́?

Aṣètò ojú áàpù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Èkó:

Ìyá wa, ẹ wọ Play Store, ẹ wá orúkọ áàpù náà, ẹ yan iye ìràwọ̀ tó bá wù yín, kí ẹ sì tẹ "Write a review". Ẹ má kàn kọ pé kò dára, nítorí wọn kò ní mọ ohun tí wọn yóò tún ṣe. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ibi tí ẹ wá a sí, àti ibi tí ẹ fẹ́ kí ó wà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹ́ tún iye gbèsè oníbàárà kọ. Mo wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, n kò rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá bọ́tìnnì náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, tàbí kí ẹ fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta síbẹ̀ tí ó ṣeé tẹ̀." Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó bá wù yín, kí ọmọ yín obìnrin sì kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀. Bí àwọn olóbì mìíràn ní Ṣágámù bá ń lo áàpù kan náà, ẹ ní kí àwọn náà kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹjọ́ kan náà bá ti ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀ wá, ó máa ń rọrùn fún aṣètò tó wà nínú ilé-iṣẹ́ wọn láti gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀.